Òfìfo Ìkòkò fún Bàbá Méjì

Ọjọ́ tí Títílọpẹ́ pàdé Sewanu, èéfín ló kọ́kọ́ rí. Èéfín náà ń jáde láti inú àgọ́ gígùn kan létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ó sì ń ta á lójú bí ẹni fi ata sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Ẹja ni," ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Èmi náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló pọ̀ jù."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà jáde sí i, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eérú sì ti sọ aṣọ kakí ìjọba ọrùn rẹ̀ di funfun. Ó ní Sewanu lorúkọ òun, òun sì ni alábòójútó ibùdó tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn apẹja bí wọ́n ṣe lè yan ẹja kó má tètè bàjẹ́.

"Èmi ń jẹ́ Títílọpẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní oúnjẹ sísè. Nǹkan kan ni mò ń wá, n kò sì mọ ohun tó jẹ́."

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá, ìjókòó ló tọ́ sí i."

Ó jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Àwọn bàbá méjì kan wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀rẹ́ bàbá òun tó ti di olóògbé. Bàbá Adédìran fẹ́ràn oúnjẹ. Bàbá Dúrósinmí fẹ́ràn ohun mímu. Gbogbo Kérésì ni bàbá òun máa ń wá ohun tí ẹnu wọn kò tọ́ wò rí fún wọn. Nígbà tí bàbá òun fẹ́ kú, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó ní kí òun má jẹ́ kó parẹ́.

"Kí lẹ ti fún wọn rí?"

"Oyin inú ilẹ̀. Ẹyin awó. Ìgbín tí wọ́n fi kìkì ìbẹ́pẹ bọ́. Ọtí ọsàn tí ìyàwó àlùfáà òyìnbó kan pọn. Lọ́dún kan, ẹran ẹṣin ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ́, wọ́n sì bínú fún ọ̀sẹ̀ kan."

Sewanu rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Tọdún yìí ńkọ́?"

"Tọdún yìí, kò sí nǹkan."

Òótọ́ ni. Ọdún tí àwọn ológun ti ibodè pa nìyẹn. Ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì, gbogbo rẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń tò fún láti òwúrọ̀. Lójú títì, ṣọ́jà ń tú ẹrù ènìyàn, ohun tó bá jọ ti òkèèrè, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì ní kí ẹni tó ni ín máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú oòrùn. Títílọpẹ́ ti rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń fò bẹ́ẹ̀ nítorí agolo sadíìnì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀, tó sì jókòó síbẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀," ni Sewanu wí. "N ó ti ronú kan nǹkan."

Nígbà tí Títílọpẹ́ padà wá, Sewanu kò tíì ronú kan nǹkan kan. Ó fún un ní awọ ẹja tí wọ́n yan títí ó fi ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ lẹ́nu, ó sì ní kó tún padà wá. Bó ṣe di pé ó ń padà lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń rìn létí òkun lábẹ́ igi àgbọn, tí Sewanu á máa sọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ibodè, obìnrin tó bí ìyá rẹ̀, tó sì tọ́ ọ nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kú.

"Wọ́n lè se òkúta kó dùn," ni Sewanu wí. "Bí wọ́n bá ń dín ẹja, àwọn ará ilé kejì á jókòó sẹ́yìn ògiri wa, wọ́n á máa fi òórùn rẹ̀ jẹ ẹ̀bà."

"Irọ́ lò ń pa."

"Díẹ̀ ni irọ́ ibẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi kan tó ti jẹrà, Títílọpẹ́ sì sọ ọ̀rọ̀ Gbọ́láhàn, ẹni tó fẹ́ fẹ́ tẹ́lẹ̀, fún un.

"Ìgbéyàwó wa ti sún mọ́. Èmi ni mo ní kó bá mi dé Ìlọrin, kó lọ wá wàrà kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún àwọn bàbá méjèèjì. Ó fi mí ṣẹ̀sín, ó ní ọ̀fun àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ló máa pa òun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Ó dàbọ̀.'" Òkun ń hó níwájú wọn. "Ọkọ̀ wọn dojú dé nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbé wàrà náà wá fún mi. Kò sí ohun tó ṣe é."

Sewanu sún mọ́ ọn lórí ọkọ̀ náà.

"Láti ìgbà náà, n kì í wí fún ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo kàn máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni."

"Ó dára," ni Sewanu wí jẹ́ẹ́. "Bí mo bá ń lọ, a ó jọ máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba ọkàn rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí Sewanu wá bi í léèrè bóyá ó máa fẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ni ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n Títílọpẹ́ kò ní ìyá, kò ní bàbá. Àwọn bàbá méjì ti Abẹ́òkúta ló kù fún un, ó sì lọ bá wọn nígbà ìsinmi.

Bàbá Adédìran gbé ṣíbí wọn kalẹ̀. Wọn kì í sábà gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ègùn kẹ̀? Ta la mọ̀ níbẹ̀, Títí? Ta la fẹ́ bi léèrè ìdílé rẹ̀?"

"Ọmọ dáadáa ni, sà. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni."

"Gbogbo wọn ni ọmọ dáadáa kí wọ́n tó gbé ènìyàn níyàwó," ni Bàbá Dúrósinmí wí. "Gbọ́, ọmọ mi. A kò sọ pé a kò fẹ́. Kí àgbà ilé wọn wá síbí kí a fojú rí wọn. Bí ó bá jẹ́ àgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kí ẹni náà wá. Bí ẹni náà kò bá wá, kí a má tún gbọ́ orúkọ ọmọkùnrin náà mọ́."

Nígbà tí Títílọpẹ́ jẹ́ iṣẹ́ yìí, ojú Sewanu yí padà.

"Ìyá àgbà nìkan ni àgbà tí mo ní. Wọn kò sì lè rin ìrìn àjò."

"Nítorí ibodè?"

Sewanu wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wo ẹ̀yìn lọ́dún náà. "Wọn kò kàn lè rìn ín ni. Jẹ́ kí ẹ̀bùn ṣáájú, Títí mi. Mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Oúnjẹ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe pẹ̀lú ohun mímu kan, kò sẹ́ni tó ń ṣe é láyé yìí àfi àwọn. Bí àwọn bàbá rẹ bá jẹ ẹ́, ọkàn wọn á rọ̀."

"Má lọ."

"Kí ló dé?"

"Ṣọ́jà wà lórí omi."

"Ọmọ omi ni mí. Ọjọ́bọ̀, wàá rí mi."

Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀. Títílọpẹ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà sì yí ojú tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé, Sewanu kò dé. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn obìnrin tó ń ta akàn lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ ọ́ fún ara wọn pé ṣọ́jà yìnbọn lójú omi lápá ibodè, pé wọ́n rí ọkọ̀ kan tó ń léfòó láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

Títílọpẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ti tún ṣe é. Ó tún ti rán ọkùnrin kan níṣẹ́ nítorí ọ̀fun. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n wàrà Ìlọrin nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí, nínú ewé rẹ̀, tútù, láìfọ́.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó wọ bàtà, ó sì lọ bá àwọn ṣọ́jà tó wà létí èbúté.

Ọ̀gá wọn, Sájẹ́ńtì Sàláwù, jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sanra, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú.

"Ẹ káàsán, sà. Ènìyàn mi kan lọ sójú omi, kò tíì padà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Sewanu, sà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni."

"Níbo ló lọ?"

Ọmọ etí òkun ì bá ní òun kò mọ̀. Ọmọ etí òkun ì bá ní ẹja ló lọ pa. Ṣùgbọ́n ilé míṣọ̀n ni wọ́n ti tọ́ Títílọpẹ́, níbi tí ọmọ tó bá purọ́ kì í rí oúnjẹ alẹ́ jẹ, tí ọmọ tó bá sì sọ òótọ́ kì í rí ìyà. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó máa ń dáhùn ni.

"Mo rò pé Àjàṣẹ́ ló lọ, sà. Ó lọ wá oúnjẹ àti ohun mímu bọ̀."

Ẹnu Sájẹ́ńtì dúró lórí ẹ̀pà.

"Ó gba ibodè tí ìjọba tì kọjá, láti lọ kó ọtí wọ̀lú?"

Ìgbà náà ni Títílọpẹ́ gbọ́ ohun tó ti sọ. "Rárá, sà... n kò mọ̀..."

"O mọ̀. O ti sọ ọ́." Sájẹ́ńtì dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára. "Wàá dúró síbí. Bó bá dé, ìwọ lo máa fi í hàn wá."

Wọn kò fi í sílẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Sewanu dé, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dé, àdúrà méjèèjì ń fa ara wọn ya nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ kékeré kan yọ láàárín koríko omi. Sewanu ló dúró nínú rẹ̀, ó wà láàyè, ó ti gbẹ díẹ̀ sí i. Ó rí Títílọpẹ́. Ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ìbọn.

Wọ́n fà á jáde nínú ọkọ̀, wọ́n mú un kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà nínú ọkọ̀ náà, ewé ni wọ́n fi dì í lẹ́nu. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò ọtí òyìnbó aláwọ̀ ewé.

"Ẹ wò ó!" Sájẹ́ńtì gbé ìgò náà sókè. "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Sewanu dákẹ́.

"Ta ló fún ọ ní èyí?"

Sewanu dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà fi ìdí ìbọn gbá a léjìká. Ó ṣubú, ó tún kúnlẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Títílọpẹ́ kò mọ ìdí tó fi dákẹ́. Ó mọ̀ pé bó bá ṣe ń dákẹ́ ni ọ̀ràn rẹ̀ ń wúwo sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, sà!" Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́.

"Tọ́ kí ni wò?"

"Tíṣà oúnjẹ ni mí. Bó bá jẹ́ ohun òkèèrè, n ó sọ fún yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í purọ́, sà. Bí mo bá mọ irọ́ í pa ni, n kò ní wà níbí."

Sájẹ́ńtì wò ó títí, ó sì fi ìbọn tọ́ka sí ìkòkò náà.

Ó tú ewé náà. Òróró mímọ́ gaara ló wà lókè. Lábẹ́ òróró náà, àwọn nǹkan kan tò síra wọn, pupa bíi wúrà àtijọ́. Ó fi ìka mú díẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó sì pa ojú dé.

"Ẹyin ẹja ni," ó wí. "Ẹja ọ̀bọ̀kún, ti inú omi wa yìí. Wọ́n fi èéfín èèpo àgbọn yan án, kì í ṣe iná igi. Wọ́n wá rì í sínú òróró àgbọn pẹ̀lú ata wẹ́wẹ́ àti iyọ̀." Ó ṣí ìgò náà, ó tọ́ ọ wò. "Omi àgbọn àti omi ìrèké, tí wọ́n pọn pẹ̀lú ata-ilẹ̀. Ìgò nìkan ni ti òyìnbó, sà. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí."

"Gbé e wá." Sájẹ́ńtì fi ìka méjì bọ inú ìkòkò. Ó jẹ ẹ́. Ó tún fi ìka bọ̀ ọ́.

"Ó yẹ kí ó dá mi lójú," ó wí.

Ó pe àwọn tó kù kí ó lè dá àwọn náà lójú. Ẹnì kan lọ ra búrẹ́dì. Ìgò náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Sewanu ṣì kúnlẹ̀, Títílọpẹ́ dúró bí igi. Nígbà tí Sájẹ́ńtì fi búrẹ́dì nu ìdí ìkòkò náà yípo, ó gbé ojú sókè sí wọn bí ẹni tó gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀.

"Ẹ̀rí ti tán," ó wí. "Ẹ máa lọ. Má jẹ́ kí n tún rí ọ lójú omi yìí, ìwọ ọkùnrin yìí."

Wọ́n rìn títí ọ̀nà fi yà kí Sewanu tó sọ̀rọ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

Títílọpẹ́ lè dákẹ́. Kò dákẹ́. "Èmi ni. Mo lọ béèrè rẹ lọ́wọ́ wọn. Mo ní Àjàṣẹ́ lo lọ."

Sewanu dúró. Ojú rẹ̀ tó rọ̀ nígbà gbogbo wá le.

"N kò dé Àjàṣẹ́, Títílọpẹ́. Ikoga ni mo lọ, níhìn-ín ní ìhà wa. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà wà. Kí ìjọba tó ti ibodè ni wọ́n ti sá wá, nítorí wọn kò fẹ́ kí ikú bá wa ní apá méjì ibodè. Wọn kò ní ìwé kankan. O mọ bí wọ́n ṣe kó àwọn àjèjì sínú ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n lé wọn bí ẹran. Ibà mú ìyá àgbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè dé. Bí mo bá la ẹnu mi níwájú àwọn ṣọ́jà yẹn, wọn ì bá ti lọ kó ìyá àgbà."

"Sewanu, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o ti kú."

"Mo mọ̀." Ó gbé òfìfo ìkòkò náà lé e lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ẹni tó ń dá ṣọ́jà lóhùn bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí ìyá mi sá pamọ́ sí?"

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe eré wọn.

Títílọpẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ẹkún tán, ìkòkò náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò lè dá a padà fún Sewanu. Ẹni tó ni ín wà ní Ikoga.

Títílọpẹ́ kò wọ ọkọ̀ ojú omi rìnrìn-àjò rí láyé rẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà mú, ó di ojú, ó sì ń ka orin ìsìn sínú títí tí wọ́n fi dé. Ó rí obìnrin kékeré kan nídìí ààrò, aṣọ dúdú lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ iná. Obìnrin náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àjèjì, ó sì fò dìde bí ẹni tó fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ló rí ìkòkò rẹ̀.

Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá àgbà wo inú ìkòkò náà. "Ṣọ́jà jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, Ìyá."

"Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀?"

"Wọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Búrẹ́dì ni wọ́n fi nu ún."

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn obìnrin náà, ó gùn wá sókè, gbogbo ara rẹ̀ sì ń mì. "Búrẹ́dì!" Ó fa Títílọpẹ́ dìde, ó gbọn eérú kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Vi ṣie, ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí ajá bá gbó, èmi a ní wọ́n ti dé. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá iná."

Ó mú un wọ yàrá, ó fi ìkòkò mìíràn hàn án nínú igun, tí ewé bò lẹ́nu, àti àwọn ìgò tó dúró tì í.

"Ẹja ti yé tán lọ́dún yìí. Eléyìí ló kù, kò ní kúrò nílé mi. Ọ̀kan ti lọ bá ṣọ́jà, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó wá síbí. Gbé òfìfo yẹn lọ fi hàn wọ́n."

Ní ọjọ́ Kérésì, lẹ́yìn ìsìn, Títílọpẹ́ gbé òfìfo ìkòkò náà sí iwájú bàbá méjì ní Abẹ́òkúta. Bàbá Adédìran tú ewé ẹnu rẹ̀. Wọ́n wo inú rẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n gbọ̀n ọ́n.

"Títí, kò sí nǹkan níbí."

"Ẹ̀bùn Kérésì yín ni, sà. Ṣọ́jà ti jẹ ẹ́."

"Ṣọ́jà!" Bàbá Adédìran ti imú bọ inú ìkòkò náà pẹ̀lú ìbínú, wọn kò sì gbé orí sókè mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. "Dúró," ni wọ́n wí láti inú ìkòkò, ohùn wọn ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. "Kí nìyí? Dúró ná."

"Gbé e wá fún mi, o fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ símú!" Bàbá Dúrósinmí gba ìkòkò. Wọ́n fi ìka ha inú rẹ̀, wọ́n lá ìka náà, wọ́n sì tún ha á.

Títílọpẹ́ sọ fún wọn pé ó ku ọ̀kan, pé ohun mímu náà wà níbẹ̀. Ó sọ ẹni tó sè é, ibi tí ẹni náà wà, àti ìdí tí kò fi lè kọjá níwájú ṣọ́jà. Ó sọ pé ẹni náà ni àgbà kan ṣoṣo tí Sewanu ní.

Bàbá Dúrósinmí ló wá mí kanlẹ̀.

"Orúkọ tí ìyá mi fún mi, ẹ̀rù ló fún mi lórúkọ náà," ni wọ́n wí. "Ọmọ mélòó ni wọ́n ti sin kí wọ́n tó bí mi! Ìyá tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi agbára pè wá sílé. Adédìran, a ṣì í sọ."

"Ìdílé ìyàwó kì í lọ bá ìdílé ọkọ. Níbo la ti ṣe irú rẹ̀ rí?"

"Ta ló ní a fẹ́ lọ bá ìdílé kankan?" Bàbá Dúrósinmí ti ń wá fìlà wọn. "Oúnjẹ la fẹ́ lọ jẹ."

Wọ́n háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Títílọpẹ́ jókòó sẹ́yìn, ìkòkò náà lórí itan rẹ̀. Kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Ikoga, ṣọ́jà dá wọn dúró. Sájẹ́ńtì Sàláwù fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"À ń lọ jẹun ni," ni Bàbá Adédìran wí.

Ojú Sájẹ́ńtì bọ́ sórí ìkòkò náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó wo Títílọpẹ́.

"Tíṣà tí kì í purọ́. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Bí Sájẹ́ńtì bá bi Títílọpẹ́ léèrè ibi tí ìkòkò ti wá, ó ti parí. Gbogbo ohun tó mọ̀ ti rọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀: Ikoga, ìyá àgbà, ìkòkò tó wà nínú igun. Ó gbé e mì. Ohun tí wọ́n bi í nìkan ló dáhùn.

"Òfìfo ni, sà."

Ó ṣí i. Sájẹ́ńtì ti orí bọ fèrèsé, ó fa òórùn rẹ̀ símú títí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rántí ilé. "Ẹ máa lọ," ó wí.

Títílọpẹ́ di ìkòkò náà mú títí wọ́n fi dé Ikoga.

Sewanu wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ló ránṣẹ́ pè é láì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó rí àwọn bàbá méjì tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà wọn, ẹnu rẹ̀ là. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn.

"Dìde, dìde," ni Bàbá Adédìran wí. "Níbo ni ìkòkò náà wà?"

Wọ́n jẹun lábẹ́ igi àgbọn. Bàbá Adédìran fi ẹyin ẹja náà sẹ́nu, wọ́n di ojú, omi sì bọ́ lójú wọn. "Bàbá Títí ni ì bá wà níbí," ni wọ́n wí. Bàbá Dúrósinmí gbé ife kẹta, wọ́n yí sí ìyá àgbà.

"Ìyá, ọmọkùnrin kan wà lọ́wọ́ yín. Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ wa. Oúnjẹ yín ti mú wa gbàgbé èwo nínú wa ló yẹ kó wá bá èkejì."

Ìyá àgbà fi aṣọ orí nu ojú. "Ẹ jẹun ná," wọ́n wí. "Ó ṣì kù."

Sewanu fa Títílọpẹ́ lọ sétí omi. "Sájẹ́ńtì dá yín dúró?"

"Ó dá wa dúró. Ó bi mí ní ohun kan, mo dá a lóhùn ohun kan. Mo gbé èyí tó kù mì." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Sewanu. N kò rò pé ó máa tán."

"Kó má tán. A ó jọ máa bẹ̀rù." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Yẹn yiwanna we," ó wí ní èdè ìyá rẹ̀. Kò túmọ̀ rẹ̀, Títílọpẹ́ kò sì béèrè.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ìyá àgbà kò lè wá, nítorí náà, ìyàwó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó sì la ojú sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Sewanu kọ́kọ́ fẹ́ padà sójú omi lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, Títílọpẹ́ sìn ín dé èbúté. Sewanu wọ ọkọ̀, ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn.

"Sewanu."

Ó wo ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí omi, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọkọ rẹ̀.

"Ó dàbọ̀," ni Títílọpẹ́ wí.